Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Kí la fẹ́ lọ ṣe ní abúlé òyìnbó?

ÌBÉÈRÈ

Nọ́ọ̀sì wa, okun o. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ń gbé ní Sheffield. Èmi àti bàbá rẹ̀ ti gba físà, a máa wà lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Àfi bó ṣe pè mí lánàá tó ní òun ti gba ilé sí abúlé kan, láti ọjọ́ Ẹtì di Mọ́ńdè, kí gbogbo wa lọ sinmi níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, abúlé kẹ̀? Inú oko ni wọ́n bí mi sí lẹ́bàá Kàbà, oko náà ni mo ti ń bọ̀ tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Mo rò pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n máa mú wa lọ, ká rí ààfin Ọba. Orúnkún ò jẹ́ kí bàbá wọn gun òkè mọ́. Ọmọ náà tún ní a máa rìn gba inú oko olóko kọjá. A ò ní jẹ̀bi? Kí la sì máa jẹ?

Ìyá Ìbejì, Kàbà

ÌDÁHÙN

Màmá, okun o, ẹ kú oko. Ẹ bá wọn lọ.

Mo ṣe nọ́ọ̀sì ní Sheffield fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà wálé sí Ògìdì. Mo rí àwọn òbí láti ìhà tiwa tí wọ́n wá kí ọmọ. Ọmọ á lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ á lọ sí ilé ìwé, ìyá àti bàbá á wà nínú pálọ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n á padà sí Nàìjíríà láìmọ ohun tó ń pa ọmọ-ọmọ wọn lẹ́rìn-ín. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí di òní. Òpin ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yín ń sọ yìí, tí kò sí iṣẹ́, tí kò sí ilé ìwé, tí gbogbo yín máa sùn sábẹ́ òrùlé kan náà, òun gan-an ni ìbẹ̀wò yín. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ ni wọ́n máa fà yín lọ́wọ́ kí ẹ má baà sọnù. Nínú pápá, ẹ̀yin lẹ máa mọ ewé, ẹ̀yin lẹ máa wo ojú ọ̀run tí ẹ máa ní òjò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ẹ̀bá Sheffield ni Peak District wà, mo sì gbà pé ibẹ̀ lọ́mọ yín ń sọ, nítorí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú Sheffield fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọdún 1951 ni ìjọba yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà orílẹ̀-èdè, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Bìrìtéènì. Kò dà bí ọgbà Kainji tí ẹranko ìgbẹ́ nìkan ń gbé o. Èèyàn ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń sin àgùntàn àti màlúù, wọ́n sì fi òkúta tí wọ́n tò léra láìlo símẹ́ńtì yí oko wọn ká. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì, òdòdó heather máa ń bo orí òkè, gbogbo rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ àlùkò.

Ní ti pé ẹ máa gba inú oko olóko, ẹ ò ní jẹ̀bi. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí òfin dáàbò bò ló wà níbẹ̀, tí gbogbo ayé lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà, bí oko tilẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọfà aláwọ̀ ìyeyè lára òpó máa ń fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ hàn. Ti aláwọ̀ búlúù, ẹlẹ́ṣin náà lè gbà á. Wọn ò fi ọ̀fẹ́ rí i gbà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Épírì 1932, àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀dọ́ láti Manchester àti Sheffield fi ẹsẹ̀ gun Kinder Scout, òkè tó ga jù ní agbègbè yẹn, nítorí pé àwọn ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ ti sé e mọ́ wọn. Wọ́n ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Òfin tó dá irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ jáde ní 1949. Ẹ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá bá géètì ní títì, ẹ tì í padà. Bí ẹ bá bá a ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn nílé bí a bá rí màlúù nínú oko. Níbẹ̀, olóko ló ni màlúù, wọ́n sì dá pápá náà sí fún màlúù láti jẹ ni. Síbẹ̀, ẹ má gba àárín màlúù àti ọmọ rẹ̀ kọjá, ẹ rìn yí i po. Èsìsì náà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ wọ ṣòkòtò tàbí yẹ̀rì tó bo ẹsẹ̀.

Wàyí o, bí wọ́n bá ní kí ẹ yan ibì kan ṣoṣo, ẹ ní Eyam lẹ fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pè é ni Íìmù. Lọ́dún 1665, àjàkálẹ̀ àrùn ń pa wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fi aṣọ ránṣẹ́ láti ibẹ̀ sí télọ̀ kan ní Eyam, kòkòrò tó ń gbé àrùn náà wà nínú rẹ̀. Ìtàn ní aṣọ náà tutù, ọmọṣẹ́ télọ̀ sì sá a síwájú iná. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ó kú. Ikú náà ò dúró. Lọ́dún 1666, àlùfáà wọn, William Mompesson, àti Thomas Stanley tó ti ṣe àlùfáà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, bá ará abúlé sọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹnu kò: kò sẹ́ni tó máa jáde kí àrùn má baà dé àwọn abúlé yòókù. Àwọn aládùúgbò ń gbé oúnjẹ wá sí ààlà. Ará Eyam á fi owó sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, wọ́n á da ọtí kíkan lé e kí àrùn má baà bá owó lọ. Òkúta náà ṣì wà nínú pápá láàárín Eyam àti Stoney Middleton. Àwọn ọmọ-ọmọ yín lè ki ìka bọ ihò rẹ̀.

Nǹkan bí 260 èèyàn ni wọ́n ní ó kú. Ìyá kan, Elizabeth Hancock, fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọkọ àti ọmọ mẹ́fà láàárín ọjọ́ 8. Sàréè wọn wà níbẹ̀, wọ́n fi òkúta yí i ká. Ìyàwó Mompesson náà kú, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, tí a ní kí àwọn èèyàn jókòó sílé, àwọn ará Eyam ni mò ń rò. Kò sí ọlọ́pàá tó tì wọ́n mọ́lé. Mo ti lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi mi, pẹ̀lú àárẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ lára, mo sì sunkún.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń ṣe ìsìn ìrántí wọn, ní ìta, ní ibi tí Mompesson ti ń wàásù nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Mọ́ńdè, ló sábà máa ń jẹ́ ìsinmi gbogbo ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ọ̀sẹ̀ yẹn ni. Nígbà kan náà, wọ́n máa ń ṣe kànga wọn lọ́ṣọ̀ọ́: wọ́n á fi amọ̀ tútù kun pátákó, wọ́n á fi òdòdó àti ewé tẹ àwòrán sínú rẹ̀.

Orúnkún Bàbá ńkọ́? Ẹ mú wọn lọ sí Monsal Trail lẹ́bàá Bakewell. Ọ̀nà rélùwéè ni tẹ́lẹ̀, wọ́n tì í pa ní 1968, ó ti di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Máìlì 8 ààbọ̀ ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kódà kẹ̀kẹ́ aláìlera ń gbà á. Kò pọn dandan kí wọ́n rìn ín tán. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kó èyí tó máa tó títí ẹ ó fi padà, kí ó sì wà nínú báàgì ọwọ́, nítorí netiwọ́ọ̀kì tí ẹ ó fi pe èèyàn kì í fi gbogbo ìgbà wà láàárín òkè.

Oúnjẹ ò le. Irú ilé tí wọ́n ń gbà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní kíṣìnnì. Kí ọmọ yín ra èlùbọ́, ata àti epo ní Sheffield kí ẹ tó gbéra, nítorí ní ọjọ́ Àìkú, òfin ò gba àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá láyè ju wákàtí 6 lọ. Ní ọ̀sán Àìkú, wọ́n lè mú yín lọ jẹ ẹran màlúù sísun nílé ọtí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín, tọmọdé tàgbà ló ń jẹun níbẹ̀. Ẹ béèrè horseradish, gbòǹgbò lílọ̀ kan, sí i, ó ta.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n mi ní Derby ní kí n máa wa mọ́tò òun bí mo bá dé. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Awakọ̀, Ìsánlú

ÌDÁHÙN

Ó ṣeé ṣe. Ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà tí kò tíì kú gba àlejò láyè títí di oṣù 12, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n yín fi orúkọ yín sí ìwé ìbánigbófò mọ́tò náà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà, bí àwa náà ti ń gbà á títí di ọjọ́ 2 oṣù Épírì 1972. Ẹ má fi ọ̀nà abúlé bẹ̀rẹ̀: ó há tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò kan ní láti padà sẹ́yìn kí èkejì lè kọjá.

ÌBÉÈRÈ

Ṣé mo lè gbé wàrà àti ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ lọ fún àwọn ọmọ mi?

Ìyá Olóúnjẹ, Ìyàrà

ÌDÁHÙN

Rárá o. Bìrìtéènì ò gba ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe láti Nàìjíríà wọlé, bó ti wù kó kéré mọ. Wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n á sì dà á nù.