Ráàkì tó ń mì: ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ dè

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ ní ráàkì yín, pẹpẹ irin tí ẹ ń to ẹrù sí, ní Ìlúpéjú ń mì bí ẹ bá ti gbé páálí sí àjà kẹta, ẹ fẹ́ fi wáyà so ó mọ́ ògiri. Ẹ má ṣe é o. Bọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi dè é mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n kọnkéré gidi ni bọ́ọ̀tì máa ń dì mú. Bó bá jẹ́ táìsì ló wà nílẹ̀, ẹ lu ihò náà kọjá rẹ̀.

Ẹ kó ẹrù kúrò ná. Ẹsẹ̀ tí kò bá kanlẹ̀ dáadáa, irin pẹlẹbẹ ni kí ẹ kì sábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe pákó. Lẹ́yìn tí ẹ bá lu ihò, ẹ fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde. Èmi kánjú níbí yìí rí ní Mushin: mo ń fún bọ́ọ̀tì, ó kàn ń yí lófo bí ìdérí ìgò tó ti gbó.

Bí gíga ráàkì bá ju ìlọ́po 8 ìbú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn lọ, bọ́ọ̀tì nìkan ò tó. Ẹ fi irin so ó pọ̀ mọ́ èyí tó kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹrù wúwo, ìsàlẹ̀. Òpó tó bá ti tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi òòlù nà án.