Gíà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tó ń ta gbì: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tún un sọ̀ kalẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín nípa Camry 2004 tí wọ́n tú gíà ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ ní láàárọ̀ kò sí wàhálà, tó bá ti gbóná tán ni RPM (ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré sí) á fò sókè kó tó wọ gíà 3, tẹ́ ẹ bá sì fi sí reverse á ta gbì, mẹkáníìkì wá ní àfi kí òun tún gíà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà. Owó ńlá lèmi fi mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Camry 2003 tá à ń pè ní Big Daddy lèmi náà ń wà, ẹ́ńjìnnì 2.4. Wọ́n tú gíà, wọ́n pààrọ̀ díìsì inú ẹ̀ (àwọn pẹlẹbẹ tó ń di ara wọn mú kí gíà lè wọ), wọ́n pààrọ̀ àwọn rọ́bà, mo sanwó, mo dúpẹ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin, mò ń ti Kútọ̀ bọ̀, mo ń gun òkè Aṣẹ́rò nínú go-slow, mo tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò ò lọ, onímàrúwá tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó. Mo gbé e padà lọ bá wọn, wọ́n ní díìsì àkọ́kọ́ ni kò dáa, wọ́n tún gíà sọ̀ kalẹ̀, mo tún ra díìsì, mo tún san owó iṣẹ́. Ibi tó wà náà ló tún wà.

Bàbá kan ní Lafẹ́nwá tó ti ń ṣe gíà láti ayé Peugeot 504 ló là mí lójú, kò sì tú síkúrúù kankan. Ó ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń wo ọ́ìlì gíà han òun. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa géèjì yọ, mo ní ẹ wò ó, ó kún. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọ́ìlì tó yẹ kó wà lókè ló ti sàn wá sísàlẹ̀ nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnnì, irọ́ ni géèjì ń pa fún mi. Ṣọ́ọ̀bù ibi tí wọ́n ti tú u ńkọ́? Ẹ̀bá àpáta, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ ṣáà mọ Abẹ́òkúta wa, géèjì ò sì lè sọ òótọ́ níbi tí kò tẹ́jú.

Bẹ́ẹ̀, téèyàn bá kàn tú ọ́ìlì gíà Camry yìí dànù láti ìsàlẹ̀, bíi lítà 3.5 ló ń jáde, ìyókù á wà nínú tọ́kì, ìkòkò róbótó tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ gíà kalẹ̀ tí wọ́n da tọ́kì nù, ó lè gbà tó ìlọ́po méjì ẹ̀. Gálọ̀nù lítà 4 kan ṣoṣo ni wọ́n rọ sí tèmi! Ọ́ìlì tí ò tó, pọ́ńpù á máa fa atẹ́gùn mọ́ ọn, á máa hó bí ọṣẹ, tó bá wá gbóná, kò ní lágbára tó máa fi di díìsì mú, ìyẹn ni RPM ṣe ń fò.

Torí náà ẹ wà á fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kó gbóná dáadáa, ẹ wọ ilé epo kan tí kọnkéré ẹ̀ tẹ́jú, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ búréèkì, ẹ fa gíà láti P dé L kẹ́ ẹ dá a padà sí P, kó máa dúró díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn lẹ máa tó fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà wọlé, ẹ tún fà á yọ. Àárín àmì HOT méjèèjì ló yẹ kó wà. Ẹ má rọ ọ́ jù o, èyí tó pọ̀ jù náà máa ń hó. Ọ́ìlì gíà Toyota tó ń jẹ́ T-IV ló ń lò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rọ sí i, torí àwọn kan gbà pé gbogbo ọ́ìlì tó bá ti pupa, ATF (ọ́ìlì gíà ọtọmátíìkì) ni.

Lẹ́yìn tí ọ́ìlì tèmi pé, fífò yẹn lọ, ṣùgbọ́n láti 1 sí 2 ṣì ń le. Ìyẹn, bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà, ló ṣì ń ṣe bíi pé díìsì àtijọ́ tó ti jẹ ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe sikáànì bá mi pa ohun tí bréènì bọ́ọ̀sì ti kọ́ rẹ́, mo rọra wà á fún bí ọjọ́ méjì, ó rọ̀.

Gbì tó wà ní reverse wá ńkọ́? Ó lè má jẹ́ gíà rárá. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan tẹ búréèkì dáadáa kó máa fa gíà láti R sí D, kẹ́ ẹ̀yin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú mọ́tò, kẹ́ ẹ máa wo ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tèmi fò bí ẹni tí wọ́n ta lábẹ́rẹ́. Ẹ́ńjìnnì sítì, ìyẹn rọ́bà tó di ẹ́ńjìnnì mú, ti ya, wọ́n sọ gíà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n fi sítì yíya yẹn dè é padà.

Tí ọ́ìlì bá pé tó ṣì ń fò, kí wọ́n tú pánù ìsàlẹ̀ nìkan. Mágnẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀. Tí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá kúnná, tó dúdú bíi tìróò, kò burú. Tí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán bí ẹnu abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, tàbí ọ́ìlì dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, ó di dandan kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n sì fọ ibi tí ọ́ìlì ti ń gba inú rédíétọ̀ kọjá, torí ìdọ̀tí àtijọ́ tó bá kù síbẹ̀ á padà wá dí àwọn sólénọ́ìdì tó ń darí ọ́ìlì nínú gíà.

Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun nu géèjì yẹn, kẹ́ ẹ sọ àwọ̀ tẹ́ ẹ rí fún mi. Owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo san yẹn, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà níbẹ̀ o.