Ó di ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ACL, orúnkún mi kò tíì nà tán

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 23 ni mí. Ibi tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni ACL orúnkún mi ọ̀tún, ìyẹn iṣan líle tó so eegun itan mọ́ ti ojúgun nínú orúnkún, ti já. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, ó pé ọ̀sẹ̀ 6 báyìí. Iṣan ẹ̀yìn itan mi ni wọ́n mú fi ṣe tuntun. Ìrora ti lọ púpọ̀, mo ti ju ọ̀pá ìtilẹ̀ sílẹ̀, kódà ó ń ṣe mí bíi kí n máa sáré. Ṣùgbọ́n orúnkún náà kì í nà tán bíi ti òsì, itan mi sì ti rù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí rí ní kí n má da ara mi láàmú, pé nínà yóò wá fúnra rẹ̀, títẹ̀ ni kí n gbájú mọ́. Ìgbà wo ni mo lè padà sórí pápá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ pápá ni ẹ fi parí ìbéèrè yín, ṣùgbọ́n nínà orúnkún ni màá kọ́kọ́ sọ, torí òun ni kò ṣeé fi dọ̀la.

Ọ̀rẹ́ yín gbé e sódì. Títẹ̀ ló sábà máa ń padà díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́. Nínà kì í dúró deni. Ohun tí àwa oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ń fẹ́ ni pé kí orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nà gbọọrọ bí ìkejì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 àkọ́kọ́. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ 6 tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ lọ rí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà àti ẹni tó ń ṣe fisiotẹ́rápì fún yín lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun tó lè fà á kò ju mélòó kan lọ. Ó lè jẹ́ pé omi ṣì wà nínú orúnkún. Ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀yìn itan, ibi tí wọ́n ti mú èyí tí wọ́n fi ṣe tuntun, ló le tí kò fẹ́ tú. Àwọn méjèèjì yìí máa ń gbọ́ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹran àpá ló hù sí iwájú iṣan tuntun náà, tó di kókó kan tó ń há sáàárín eegun méjèèjì nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ nà. Bí ẹ na irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀la, kókó yẹn ò ní kúrò. Dókítà lè ní láti wọ inú orúnkún padà kó lọ gé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní tètè. Orúnkún tí kò nà tán máa ń sọ ìrìn di títiro, ẹran iwájú itan kì í rí ààyè ṣiṣẹ́ dé òpin, iwájú orúnkún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dunni.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ máa ṣe èyí nílé. Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹ ká táwẹ̀lì, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé e lórí, kí abẹ́ orúnkún ṣófo pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ìwúwo ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ máa fa orúnkún wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Bí ẹ bá ṣe ń sinmi níbẹ̀, ẹ máa fún ẹran iwájú itan pọ̀, kí ẹ máa tẹ ẹ̀yìn orúnkún sílẹ̀, kí ẹ kà dé márùn-ún kí ẹ tó tú u. Yóò fà yín, kò gbọ́dọ̀ gún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gorí ẹsẹ̀ yín pé òun fẹ́ bá yín tẹ̀ ẹ́ nà o. Bákan náà, ìrọ̀rí tí ẹ ń fi sábẹ́ orúnkún sùn, tó bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ lálẹ́ òní. Mo mọ̀ pé ó dùn, àmọ́ òun ló ń kọ́ orúnkún yín láti wà ní títẹ̀.

Ti itan tó rù, ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, kì í sì í ṣe àìlo ẹsẹ̀ nìkan ló fà á. Orúnkún tó bá wú máa ń ránṣẹ́ gba inú iṣan ìmọ̀lára pé kí ẹran iwájú itan dẹwọ́, ẹran náà á sì dẹwọ́ bí ẹ tilẹ̀ ń gbìyànjú. Nítorí náà, omi inú orúnkún ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹ́gun: yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé, gbígbé ẹsẹ̀ sókè, àti dídín ìrìn kù lọ́jọ́ tó bá wú. Àwọn mìíràn máa ń lo ẹ̀rọ iná kékeré tó ń mú ẹran itan sún kì, ó sì wúlò dáadáa tí ẹran náà bá kọ̀ láti jí. Ẹ dán èyí wò: ẹ dùbúlẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e sókè ní nínà. Tí orúnkún bá tẹ̀ díẹ̀ bí gìgísẹ̀ ṣe ń kúrò nílẹ̀, ẹran itan yín kò tíì jí tán, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì yẹ kó gba àkókò yín jù.

Kẹ̀kẹ́ àdúrólójúkan tí kò le, ìdajì ìlóṣòó (kí ẹ lóṣòó díẹ̀, láìdé ìsàlẹ̀), gígun àkàsọ̀ kúkúrú: irú wọn bá àsìkò yìí mu tí ẹni tó ń tọ́jú yín bá fọwọ́ sí i. Torí pé ẹ̀yìn itan ni wọ́n ti mú iṣan, ẹ má tíì fi ohun wúwo tàbí ẹ̀rọ fa gìgísẹ̀ wá sí ìdí, àfi tí wọ́n bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ ó fi mọ̀ pé ẹ ṣe àṣejù kò le: bí orúnkún bá wú ju ti àná lọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ dín in kù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sísáré, èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Iṣan tí wọ́n fi sínú orúnkún yín kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gé e níbi tó wà. Ó dà bí igi tí a hú tí a tún un gbìn síbòmíràn: yóò kọ́kọ́ rọ kó tó ta gbòǹgbò. Àwọn ohun alààyè inú rẹ̀ á kú, òmíràn á rọ́pò wọn, òpójẹ̀ tuntun á wọlé. Àárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni agbára rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù, àsìkò yìí gan-an sì ni ìrora máa ń lọ tí ara máa ń yá èèyàn. Ẹ ò ní gbọ́ ìkìlọ̀ kankan kó tó já. Ó sábà máa ń di oṣù kẹta sí ìkẹrin kí a tó jẹ́ kí èèyàn sáré gbọọrọ, ìyẹn náà sì jẹ́ tí orúnkún bá nà tán, tí kò wú, tí itan sì ti lágbára tó láti fi ẹsẹ̀ kan lóṣòó láìgbọ̀n.

Ti pápá: kò gbọ́dọ̀ yá ju oṣù 9 lọ, ó sì lè di ọdún kan. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Norway, tí ó jáde ní 2016, fi hàn pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá fi kún ìdúró rẹ̀ títí di oṣù 9 máa ń dín ewu pé orúnkún á tún farapa kù ní nǹkan bí ìdajì. ACL Virgil van Dijk, agbábọ́ọ̀lù Liverpool, já ní oṣù kẹwàá 2020. Oṣù keje 2021 ló tó tún gbá bọ́ọ̀lù, nínú ìdíje ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní gbogbo ìtọ́jú tí owó lè rà ni. Oṣù pípé nìkan kò sì tó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ti òsì, nínú fífi ẹ̀rọ wọn agbára itan àti nínú fífi ẹsẹ̀ kan fò. Èmi kì í fọkàn tán ìdá 90 yẹn tán, torí ẹsẹ̀ òsì náà ti sinmi fún oṣù púpọ̀, ó ti rọ. Tí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ agbára rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Tí dókítà bá tún rán meniscus fún yín lọ́jọ́ náà, ìyẹn ohun rírọ̀ tó ń gba ìwúwo láàárín eegun méjèèjì, ìlóṣòó tí mo dárúkọ lókè lè má tíì yẹ yín. Ẹ bèèrè.

Tí ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń dùn yín, tàbí tí ibà bá dé, tàbí tí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣọyún, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn. Tí èémí bá ń kúrú tàbí tí àyà ń dùn yín, pàjáwìrì ni. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ní ti awọ ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ tó bá kú tipiri, ìyẹn wọ́pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má padà tán.