Bí A Ṣe Ń Sọ Mọ́dẹ́ẹ̀lì Lọ́rì GMC Gígùn Di Kúkúrú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ra mọ́dẹ́ẹ̀lì oníke, àwòṣe kékeré tí èèyàn ń tò fúnra rẹ̀, ti lọ́rì ológun Amẹ́ríkà ti Ogun Àgbáyé Kejì, GMC CCKW, ìwọ̀n 1/35 (ìyẹn ìdá kan nínú 35 ọkọ̀ gidi). Èyí tó gùn ni, CCKW-353. Èyí tó kúrú ló wà lọ́kàn mi, CCKW-352, tó máa ń fa àgbá ìbọn 105 mm. Ibo ni kí n ti gé ṣásíì (irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ ró lábẹ́), kí ló yẹ kí n gé kúrò, kí ni mo sì lè ṣe tí ojú ìsopọ̀ ò fi ní hàn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe, ó sì dùn ún ṣe, torí pé láti bọ́ńpà dé ẹ̀yìn kábììnì dẹ́rẹ́bà, ọkọ̀ méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹ̀yìn kábììnì ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba tiwọn jẹ́. Wọ́n á gé ṣásíì tán, wọ́n á wá gé iye kan náà lára bọ́dì, ìyẹn ibi ìkẹ́rù lẹ́yìn. Iye méjèèjì ò dọ́gba rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Lára ọkọ̀ gidi, láti àárín táyà iwájú dé agbedeméjì àwọn táyà ẹ̀yìn jẹ́ íǹṣì 164 lára èyí tó gùn, ó sì jẹ́ 145 lára èyí tó kúrú. Íǹṣì 19 ló fi jù ú lọ, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 483. Tí ẹ bá fi 35 pín in, ẹ ó rí 13.8. Mìlímítà 13.8 yẹn lẹ máa yọ lára ṣásíì. (Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ ìwọ̀n 1/72, 6.7 ni yóò yọ.) Bọ́dì ńkọ́? Ti ọkọ̀ gígùn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ti kúkúrú jẹ́ 9. Ẹsẹ̀ bàtà 3 yẹn, tí a bá fi 35 pín in, jẹ́ mìlímítà 26. Ẹ rí i pé bọ́dì fi bíi mìlímítà 12 kúrú ju bí ṣásíì ṣe kúrú lọ. Apá kan nínú rẹ̀ ló di àlàfo láàárín kábììnì àti bọ́dì, níbi tí táyà sípíà dúró sí lóòró. Ìyókù, ìrù ṣásíì lẹ máa bù ú kúrò lára rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa pín in gan-an, fọ́tò ni kó sọ fún yín. Ẹ wá fọ́tò CCKW-352 kan tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, láti òkèèrè díẹ̀, tí ọkọ̀ ò dà síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ máa mú un tóbi tàbí kéré sí i títí àárín táyà iwájú sí agbedeméjì ti ẹ̀yìn yóò fi jẹ́ mìlímítà 105. Gbogbo ohun tí ẹ bá wá fi rúlà wọ̀n lórí ìwé yẹn ti bọ́ sí ìwọ̀n 1/35. Èmi kì í gbé ayùn láìṣe èyí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ sì tẹ̀ lé. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní kábììnì onírin. Àwọn tó dé lẹ́yìn ní kábììnì tí wọ́n fi tapólì bò, torí àtifi irin pamọ́ àti kí ọkọ̀ má baà gba àyè púpọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Tí ẹ bá mú díẹ̀ lára tibí, díẹ̀ lára tọ̀hún, ọkọ̀ tí kò sí láyé rí lẹ máa tò.

Ó wá kan gígé. Ẹ yẹ ṣásíì wò láti ẹ̀yìn kábììnì dé ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibi tí irin gbọọrọ méjèèjì ti lọ tààrà, tí kò sí irin ìdábùú láàárín wọn. Ẹ má gé ọ̀tún àti òsì lójú kan náà o. Ẹ gé òsì síwájú díẹ̀, ẹ gé ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, kí iye tí ẹ yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sáà jẹ́ 13.8 géérégé. Tí ojú ìsopọ̀ méjèèjì bá wà lórí ìlà kan, ibẹ̀ ni ṣásíì yóò ti fẹ́ ká. Ayùn kékeré eléyín wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò, torí ọ̀bẹ máa ń ti ike sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì gbé etí rẹ̀ sókè. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù kí ẹ tó dé ojú ìlà, kí ẹ wá fi fáìlì gbá ìyókù.

Irin ṣásíì GMC ní kòtò nínú bíi gọ́tà. Inú kòtò yẹn ni kí ẹ lẹ pẹlẹbẹ ike tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì mọ́, kó gba ojú ìsopọ̀ kọjá. Ẹni tó dúró níta ò ní rí i. Gọ́ọ̀mù olómi tó ń yọ́ ike ló yẹ ibí yìí. Gọ́ọ̀mù agánmọ́-kíá ò ní fún yín láyè láti tún un tò, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún irin àti résìn. Bí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, kí gọ́ọ̀mù tó gan, ẹ fi táyà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i láìlẹ̀ wọ́n, kí ẹ gbé e sórí dígí. Ẹ fi ìka kan tẹ igun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ṣásíì ti lọ́ nìyẹn. Ẹ rọra lọ́ ọ padà nígbà tí ike ṣì rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24.

Ṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí láti gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí táyà) tó bá gba ibi tí ẹ gé kọjá gbọ́dọ̀ kúrú pẹ̀lú. Àárín rẹ̀ ni kí ẹ ti gé e, kí ìdè ìpẹ̀kun méjèèjì lè wà síbẹ̀.

Bọ́dì náà, ẹ má gé e láti ìpẹ̀kun, torí òpó igun yóò lọ. Àárín ni kí ẹ ti yọ mìlímítà 26, kí ojú gígé wà létí òpó kan gan-an. Òjìji òpó yẹn á bo ìlà ìsopọ̀. Ní ti ilẹ̀ bọ́dì, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe tuntun: pẹlẹbẹ ike tó nípọn tó mìlímítà kan, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa ìlà pákó sí i. Ó yá ju kí ẹ máa fi pọ́tì dí ojú ìsopọ̀ láàárín pákó.

Ọ̀dà ò le: àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn ti ológun Amẹ́ríkà, kí ẹ mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀ lápá òkè. Ẹ rọra o pẹ̀lú ìpata. Ọdún 1941 sí 1945 ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ogun parí. Eruku, ẹrọ̀fọ̀ àti epo tó dà sílẹ̀ létí táńkì ló bá wọn mu. Tí ẹ bá fẹ́ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, 4 ló máa ń ṣíwájú nọ́ńbà lọ́rì tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ bíi CCKW yìí.