Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ tá a bá fẹ́ kọ́ ọmọ iléèwé nípa igbó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní forest ecology (ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ohun tó wà nínú igbó ṣe ń gbé pọ̀), àmọ́ sílébọ́ọ̀sì tí mo bá nílẹ̀, orúkọ igi ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, kí ni mo sì lè yọ kúrò?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tíṣà. Ẹ yọ èyí tó pọ̀ jù nínú orúkọ yẹn, igi 20 tí wọ́n lè dá mọ̀ láti ara èèpo àti ewé ti tó wọn. Bí igbó ṣe ń tún ara ẹ̀ dá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: igi ńlá wó, oòrùn ráyè kan ilẹ̀, Musanga àtàwọn igi fífúyẹ́ tó ń sáré dàgbà gba ibẹ̀, àwọn tó lè fara da ibòji wá ń yọ bọ̀ lábẹ́ wọn, tó bá yá àwọn tó kọ́kọ́ dé á kú, àwọn yẹn á sì gba ipò wọn.

Lẹ́yìn náà ẹ mú igi kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tú u wò dáadáa. Ìrókò lèmi máa ń mú. Àdán ló ń jẹ èso ẹ̀ tó sì ń gbé kóró ẹ̀ lọ jìnnà, ọmọ ìrókò ò lè dàgbà láìsí oòrùn, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbin òun nìkan pọ̀ sójú kan, kòkòrò Phytolyma á wọnú ewé tútù, ewé á wú, orí igi á sì rà dànù. Ẹ wá fi ti èèyàn tó ń gé àgbà ìrókò tó yẹ kó máa so èso kún un, ìwọ̀nba igi kan nìyẹn o!

Ẹ má sáré kọjá ọ̀rọ̀ ilẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ilẹ̀ igbó lọ́ràá títí dé ìsàlẹ̀. Òkè ilẹ̀ àti ara igi fúnra ẹ̀ ni oúnjẹ tí igi ń lò pọ̀ sí. Ewé já lẹ́ẹ̀rùn, òjò dé, ikán àti olú mú un jẹrà, gbòǹgbò tún fà á padà. Tí wọ́n bá gé gbogbo ẹ̀ tí wọ́n sun ún, eérú á ṣiṣẹ́ díẹ̀, òjò á gbá ìyókù lọ. Ẹ ní kí wọ́n di ewé gbígbẹ sínú àpò nẹ́ẹ̀tì mélòó kan, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ sáà, kí wọ́n máa mú ọ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, sá a gbẹ, tún un wọ̀n, kí wọ́n lè rí bí ewé yẹn ṣe ń jẹrà sí.

Tówó mọ́tò bá wà, Omo Forest Reserve ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni kẹ́ ẹ kó wọn lọ, láti 1977 ni UNESCO ti kà á mọ́ biosphere reserve (ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo àwọn ohun alààyè), igbó àbáláyé àti oko Gmelina, ìyẹn igi tí èèyàn gbìn, ló wà níbẹ̀, kí wọ́n ka ọmọ igi tó ń hù lábẹ́ méjèèjì. Ìdánwò náà, ẹ má ṣe é sí kíláàsì: ẹ mú wọn dé ojú kan nínú igbó, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 20, àti ohun tí wọ́n rí nílẹ̀ tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.