Ẹ Bi Ìyá Lábù: Ta ni kí n kọ sójú ewé ìdúpẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Lábù. Microbiology ni mò ń kà, mo sì ti wà ní ọdún àṣekágbá. Ìrú ni mo ṣe ìwádìí lé lórí. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ṣe é ní Ṣakí, mo ra òmíràn lọ́jà, mo sì mú èyí tí wọ́n dì sínú ike, mo wá yẹ bakitéríà inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Mo ti kọ ọ́ tán, ó ku ojú ewé ìdúpẹ́. Àwọn tó ràn mí lọ́wọ́ pọ̀: alábòójútó mi, ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe PhD, tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọwọ́ inú lábù, bàbá tó ń tọ́jú lábù, tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ Sátidé, ìyá oníirú, àǹtí mi tó ra gbogbo èròjà (òun náà ló ni ìrú inú ike yẹn), àti pásítọ̀ wa. Olórí ẹ̀ka wa kò mọ̀ mí rí, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ tẹ̀ lé Ọlọ́run. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n da ti ọdún tó kọjá kọ, kí n kàn pààrọ̀ orúkọ. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Oníirú, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Má da ti ẹnikẹ́ni kọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi ni wọ́n máa ń kó próójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí, bí iná bá sì ti lọ báyìí, èmi náà á mú ọ̀kan, á di ojú ewé ìdúpẹ́. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọlọ́run Ọba á ṣíwájú, olórí ẹ̀ka á tẹ̀ lé e “fún ìmọ̀ràn rẹ̀ bíi bàbá sí ọmọ,” ọ̀rẹ́kùnrin á gba ìpínrọ̀ kan gbáko. Ẹni tó dé láago mẹ́fà àárọ̀ láti se ágà, oúnjẹ tí a fi ń tọ́ bakitéríà, tó jókòó ti autoclave, ìkòkò ńlá tó ń fi ooru pa kòkòrò, títí tó fi tutù, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń wà, nínú “àti gbogbo àwọn tí àyè ò gbà mí láti dárúkọ.” Ojú ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń wò ó o. Kí o ti mọ̀ pé mi ò lè ṣe kí n má gbè sẹ́yìn bàbá tó ń ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò le. Bí o bá ti kọ orúkọ, kọ iṣẹ́ tí olórúkọ ṣe tì í. “Ó ràn mí lọ́wọ́” kò tó. Ẹni tó ń ka ìwé rẹ fẹ́ mọ ọwọ́ tó kan àwọn àwo tí o fi tọ́ bakitéríà, torí èsì a máa yí padà nítorí ọwọ́. Ti ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe PhD lè lọ báyìí: “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Lágbájá, tó kọ́ mi bí a ṣe ń fa bakitéríà sórí ágà títí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi dá dúró, tó sì bá mi yẹ àwọn àwo àkọ́kọ́ wò.” Ti bàbá lábù: “tó po ágà, tó fi autoclave sè é, tó sì ń bá mi ṣọ́ ooru incubator ní òpin ọ̀sẹ̀.” (Àpótí olóoru tí bakitéríà ń dàgbà nínú rẹ̀ ni incubator.) Bí o kò bá mọ gbogbo ohun tó ṣe, lọ bi í. Mú bisikíìtì dání.

Ọmọ ilé ìwé kan wà ní Tanzania, Erasto Mpemba lorúkọ rẹ̀. Ní 1963 ó ń ṣe áísìkiriìmù nílé ìwé, ó gbé tirẹ̀ sínú fíríìsà nígbà tó ṣì gbóná, ó sì rí i pé tirẹ̀ dì ṣáájú ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò gbóná. Ó sọ fún olùkọ́, olùkọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, Denis Osborne tó ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì Dar es Salaam wá bá wọn sọ̀rọ̀ nílé ìwé, Mpemba dìde, ó bi í ní ìbéèrè kan náà. Osborne kò fi ṣẹ̀sín. Ó padà sí lábù rẹ̀, ó ní kí tẹkiníṣíàn kan, òṣìṣẹ́ lábù, dán an wò. Nígbà tí àpilẹ̀kọ jáde ní 1969, orúkọ Mpemba ló ṣíwájú, ti Osborne tẹ̀ lé e, orúkọ ọmọ náà ni ayé sì fi ń pe ọ̀rọ̀ náà títí dòní. (Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jà lórí bóyá bẹ́ẹ̀ ló ń rí lóòótọ́. Ìyẹn wà lọ́tọ̀.) Ọ̀gá tó mọ ẹ̀tọ́ ọmọdé ni Osborne, mo kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n ibì kan ló máa ń dùn mí nínú ìtàn yẹn: àwọn tó ń sọ ọ́ á ní “tẹkiníṣíàn kan,” wọ́n á kọjá lọ.

Ìyá oníirú ńkọ́? Ìdúpẹ́ nìkan kéré fún un. Orí ìwé tí o ti ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe lọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hàn: bó ṣe pẹ́ tó tó fi se igbá, bó ṣe bó o, bó ṣe ṣàn án tó tún un sè, ohun tó fi bò ó, iye ọjọ́ tó fi wé e pa mọ́, àti ohun tó rí tó fi mọ̀ pé ó tó ṣí. Yíyọ̀ tó ń fi ìka méjì wò yẹn, tó ń fà bí ewédú, iṣẹ́ Bacillus subtilis ni. Ìyá náà ti ń tọ́ bakitéríà yẹn dàgbà kí ìwọ tó mọ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, padà sí Ṣakí tàbí kí o pè é lórí fóònù. Bi í bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun jáde, àti èwo nínú orúkọ rẹ̀. Àwọn kan á ní kí o kọ Ìyá Lágbájá tí gbogbo ọjà mọ̀, àwọn kan ò ní fẹ́ rárá, torí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. Ohun tó bá ní o kò gbọdọ̀ sọ, má sọ ọ́. Ní 2010, ní Nagoya ní Japan, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí á máa gba àṣẹ lọ́wọ́ ará ìlú tí a bá lo ìmọ̀ ìbílẹ̀ wọn lórí ohun ẹlẹ́mìí, kí èrè tó bá jáde níbẹ̀ sì kàn wọ́n. Ìwé tìrẹ kò tíì pa kọ́bọ̀, mo mọ̀. Sọ èsì rẹ fún un ní Yorùbá kí o tó lọ di ìwé, torí ó ṣeé ṣe kó bá ọ rí àṣìṣe tí alábòójútó rẹ kò rí.

Àǹtí rẹ ló jẹ́ kí n tún lẹ́tà rẹ kà. O fi í pa mọ́ sínú àkámọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó jáde síta. Ẹni tó sanwó ìwádìí ló tún ni ọ̀kan nínú ọjà tí o yẹ̀ wò! Bí ìrú inú ike bá mọ́ ju ti Ṣakí lọ nínú èsì rẹ, olùyẹ̀wò tó ń bọ̀ láti ìta á béèrè ẹni tó ra èròjà. Má dúró dìgbà yẹn. Kọ ọ́ gbangba: “Àǹtí mi ló ra èròjà. Òun ló ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ìrú kẹta. Kò lọ́wọ́ sí bí mo ṣe yan ìrú tàbí bí mo ṣe túmọ̀ èsì.” Bí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kì í bá ṣe òótọ́, jẹ́ kí alábòójútó rẹ gbọ́ lónìí.

Ó kù díẹ̀. Alábòójútó ni kó ṣíwájú, àwọn tó fọwọ́ ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé e, ẹni tó sanwó tẹ̀ lé wọn. Pásítọ̀ àti màmá rẹ ní ìpínrọ̀ tiwọn nísàlẹ̀. Ṣé olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí lẹ́tà kankan fún ọ? Bó bá fọwọ́ sí i, kọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí, ojú ewé ìjẹ́rìí tó máa fọwọ́ sí náà ti tó o.

Ìbéèrè: Mà, ọmọ mi wà nílé ìwé girama ní Maryland. Ó ń lọ ìdíje sáyẹ́ǹsì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló gbà á sí lábù rẹ̀. Ṣé a lè kọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n gàdàgbà sórí pátákó tí àwọn adájọ́ máa wò? — Bàbá Tómi

Ìdáhùn: Ẹ má kọ ọ́ o, Bàbá Tómi. Bó bá jẹ́ pé ìdíje tó ń yan ọmọ lọ sí ISEF, ìdíje sáyẹ́ǹsì àgbáyé fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ni, òfin ISEF kò gba ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lórí pátákó, kò gba àmì ilé iṣẹ́ pẹ̀lú. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní 1C. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló máa kọ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, á sọ ohun tí ọmọ ṣe àti ìrànlọ́wọ́ tó rí gbà. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wúlò. Bí adájọ́ bá sì bi Tómi pé ta ló kọ́ ọ, kó dárúkọ láìlọ́tìkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá ní òun nìkan ló lo ẹ̀rọ tó tó owó ilé, adájọ́ á kàn máa wò ó ni.

Ìbéèrè: Èmi àti alábòójútó mi fẹ́ gbé àpilẹ̀kọ jáde nínú jọ́nà ìmọ̀ ìṣègùn. Ó ní kí n fi orúkọ ìyàwó òun kún un gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé kẹta. Mi ò rí ìyàwó náà rí. — Akẹ́kọ̀ọ́ Másítà

Ìdáhùn: Àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní Vancouver ní 1978, ní ìlànà mẹ́rin tí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ pé: kó kópa gidi nínú èrò tàbí iṣẹ́ náà, kó bá wọn kọ ọ́ tàbí tún un kọ, kó fọwọ́ sí èyí tó máa jáde, kó sì gbà láti dáhùn fún un. Ẹni tí kò bá pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdúpẹ́ ni ààyè rẹ̀. Ìyẹn náà sì ń béèrè pé kó ti ṣe nǹkan. Mo mọ̀ pé o kò lè bá ọ̀gá rẹ jà nígbà tí kò tíì fọwọ́ sí ìwé rẹ. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ló ń lo CRediT báyìí, àkọsílẹ̀ tó ń fi iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ṣe hàn, iṣẹ́ mẹ́rìnlá ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ kí á kọ ti òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan sí i. Tẹ̀ ẹ́ jáde. Kọ tìrẹ, kọ ti ọ̀gá, fi àyè ẹnì kẹta sílẹ̀ lófìfo, kí o sì fi ìrẹ̀lẹ̀ gbé e fún un: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ti màmá síbẹ̀.”