Ọlọ́pàá ò dá yín dúró, fáìnì sì ń bọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. A fẹ́ lọ sí Ìtálì fún ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù kẹsàn-án, a ò dé ibẹ̀ rí. A fẹ́ rí Róòmù, Florence, àwọn ìlú kéékèèké Tuscany (agbègbè tí Florence wà), Amalfi, ká wá parí ẹ̀ sí Venice. Aṣètò ìrìnàjò kan lórí WhatsApp ní ká háyà mọ́tò ní pápákọ̀ òfurufú Róòmù, ká fi rin gbogbo rẹ̀. Ó ní bí ọlọ́pàá ò bá ti dá wa dúró, kò sí fáìnì kankan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, irọ́ gbuu ni. Irọ́ yìí ti sú mi, nítorí àwọn tó ń pa á kì í sí nílé lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ètò yín ṣe. Reluwé ayára láti Róòmù dé Florence kì í ju bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ, láti Florence dé Venice sì jẹ́ wákàtí méjì àti díẹ̀. Àárín ìlú ló ń já yín sí. Mọ́tò á gbà tó wákàtí mẹ́ta láti Róòmù sí Florence, ẹ ó san owó ojú ọ̀nà, ẹ ó tún wá ibi tí ẹ máa gbé e sí. Mọ́tò ò tilẹ̀ wọ Venice rárá: Piazzale Roma, gbàgede kan lẹ́nu ìlú náà, ló ti ń dúró, ẹ ó sì máa sanwó lórí rẹ̀ bó ṣe jókòó síbẹ̀. Amalfi ńkọ́? Ìsàlẹ̀ Róòmù lọ́hùn-ún ló wà, ọ̀nà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ létí àpáta. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ mẹ́wàá ò gbà á.

Ọ̀rọ̀ fáìnì wá kù. Ní Róòmù, Florence, Siena, Pisa àti ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ níbẹ̀, àdúgbò kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ń pè ní ZTL. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àtàwọn tó gba àṣẹ nìkan ló lè wa mọ́tò wọ̀ ọ́ ní wákàtí tí wọ́n kọ sára pátákó. Kò sí géètì, kò sí okùn, kò sí ọlọ́pàá. Kámẹ́rà orí òpó ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ ó kọjá, orin yín á ṣì máa dún nínú mọ́tò, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé máàpù orí fóònù pé yóò kìlọ̀ fún yín.

Àmì rẹ̀ ni òrùka pupa lórí pátákó funfun. Níbi tí iná bá ń kọ "varco attivo", àwọn àlejò máa ń rò pé ọ̀nà ti ṣí. Kámẹ́rà ló ń ṣiṣẹ́ o! Ẹ yà síbòmíràn. "Varco non attivo" ló fún yín láyè.

Ilé iṣẹ́ tó yá yín ní mọ́tò ló ni nọ́ńbà tí kámẹ́rà yà. Wọ́n á fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí ìjọba ìlú náà, wọ́n á sì yọ owó iṣẹ́ yẹn lórí káàdì yín. Ẹ má rò pé ó ti parí síbẹ̀. Fáìnì gan-an ṣì ń bọ̀ nínú lẹ́tà, òfin wọn sì fún wọn ní ọjọ́ 360 láti fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé lókè òkun. Bó bá dé, bí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 5, wọ́n sábà máa ń dín in kù. Bí hòtẹ́ẹ̀lì yín bá wà nínú ZTL, ẹ bi wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá wọ́n lè bá yín forúkọ mọ́tò sílẹ̀.

Tuscany nìkan ni mọ́tò ti wúlò fún yín, torí bọ́ọ̀sì ò fi bẹ́ẹ̀ dé àwọn ìlú bíi Pienza déédéé. Ẹ wọ tíráàmù T2 lọ sí pápákọ̀ òfurufú Florence, ẹ gba mọ́tò níbẹ̀, ẹ dá a padà síbẹ̀. Ẹ̀yìn odi ìlú ni kí ẹ máa gbé e sí: ilà funfun lórí ilẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ilà búlúù, ẹ sanwó, ilà yẹ́lò, ẹ má dé ibẹ̀. Lásẹ́ńsì UK tó ní fọ́tò kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé kí ẹ tó kúrò nílé. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ẹ bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kí ẹ tó sanwó.

Tíkẹ́ẹ̀tì reluwé ayára, bí ẹ bá tètè rà á, ó máa ń dínwó. Ti reluwé agbègbè tó bá jẹ́ bébà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó wà ní ibùdókọ̀ kí ẹ tó wọlé.

Bó bá jẹ́ páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ń lò, físà Schengen ló ṣáájú gbogbo èyí. Ìwé ìgbélùú UK ò lè gbé yín wọ Ìtálì. Ẹ má san owó tí kò ṣe é gbà padà kí físà tó jáde. Bí ẹ bá sì ti fún aṣètò orí WhatsApp yẹn lówó mọ́tò, ẹ lọ gba owó yín.